Ẹ Jẹ́ Kí N Kàn Ṣí I Ná

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ṣómólú, ní Èkó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tí ọ̀ràn náà ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀, nítorí ìdí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ṣì ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí tó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ní kí n sọ ọ́ fún ẹni tó bá létí. Bí o bá ń tọ́jú sáfà fún ilé iṣẹ́, fún ìjọ, tàbí fún ilé ẹ̀kọ́, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Ìyá kan ló ni ilé ìtẹ̀wé náà. Màmá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ilé ẹ̀kọ́, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀. Oníbàárà wọn kò sì mọ sí Èkó. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń ṣètò ìwé ìsìnkú òbí wọn lọ́hùn-ún, wọ́n á wá fi í ránṣẹ́ kí wọ́n bá wọn tẹ̀ ẹ́ nílé kí ọjọ́ tó pé.

Níbi ìfiránṣẹ́ yẹn ni wàhálà wà. Àwòrán tí a óò tẹ̀ sórí ìwé yàtọ̀ sí èyí tí a ń wò lójú fóònù. Ó máa ń wúwo. Gmail kì í gbà ju 25 MB lọ nínú lẹ́tà kan, WhatsApp ní tirẹ̀ a sì máa fún àwòrán pọ̀ títí ojú olóògbé yóò fi di bàìbàì lórí ìwé. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn bá dábàá pé kí àwọn ní sáfà tiwọn, tí oníbàárà yóò máa kó fáìlì sí, bó ti wù kí ó tóbi tó. Ó yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, owó rẹ̀ lóṣù kò wọ́n, ó sì gbé FTP lé e lórí.

FTP yìí, àgbà ni láàárín gbogbo ohun tí à ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abhay Bhushan ló kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1971 nígbà tó wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí a sì ń tẹ̀ lé dòní jáde ní 1985. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí o mọ̀, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. Ọ̀nà méjì ni FTP ń lò pọ̀. Èkíní wà fún ọ̀rọ̀ sísọ, pọ́ọ̀tù 21 ni: ibẹ̀ lo ti ń sọ orúkọ rẹ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ. Bí ó bá wá di pé ẹrù fẹ́ kọjá, ìbáà jẹ́ orúkọ àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀ lásán, sáfà yóò dárúkọ pọ́ọ̀tù mìíràn, kọ̀ǹpútà rẹ yóò sì lọ bá a níbẹ̀. Bí pọ́ọ̀tù kejì yìí bá wà ní títì, wàá wọlé o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kò ní tó nǹkan kan.

Ó pẹ́ díẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n kan pè láti Houston ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ ló kú, ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú, ìwé ètò náà sì ti ṣe tán lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àbúrò, mo wọlé, ó gba pásíwọ́ọ̀dù mi, ó wá dúró gbagidi. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

Ó mú fóònù rẹ̀, ó lo dátà tó wà lórí rẹ̀, ó wọ sáfà. Fáìlì lọ, fáìlì bọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n náà padà: “Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbí o. Ó ní láti jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín.”

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kì í ṣe òṣìkà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́ tó fi dá a. Ohun tó dán wò yàtọ̀ sí ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń rí. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.

Gbogbo ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní àdírẹ́sì. Ti àtijọ́, IPv4, kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, ó sì ti tán nílẹ̀: ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2011 ni IANA, tó ń pín in fún gbogbo àgbáyé, pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo iwájú ti rí i pé yóò tán, wọ́n sì ti gbé ìlànà IPv6 jáde láti 1995. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ńláńlá ní Amẹ́ríkà ti kó lọ sórí rẹ̀ gan-an, nígbà tó jẹ́ pé IPv4 ni èyí tó pọ̀ jù nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa níbí ṣì ń lò. Ẹ̀rọ tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa yá ní Jámánì ní àdírẹ́sì méjèèjì. Nítorí náà, ilé kan ni sáfà yẹn, ọ̀nà méjì ló wọ̀ ọ́: ti ojúlé àti ti ẹ̀yìnkùlé. Ti ojúlé ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń gbà láti Èkó. Ti ẹ̀yìnkùlé ni fóònù ẹ̀gbọ́n náà ń gbà láti Houston. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì tẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà wọn yà.

Ó tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún ṣì í. Ó wọ inú sáfà náà fúnra rẹ̀, ó wá ti inú rẹ̀ pe FTP. Ó jẹ́. Ṣé kò wá ní jẹ́ ni? Ẹni tó ti wà nínú ilé, mẹ́gáàdì wo ni yóò dá a dúró? Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá bá ara rẹ̀ sọ kì í bá firewall, tó jẹ́ mẹ́gáàdì sáfà, pàdé lójú ọ̀nà bí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti ìta. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ojú àlejò ń rí, ìta ni kí o lọ dúró sí.

Má sì gbẹ́kẹ̀ lé búráwúsà láti sọ òótọ́ fún ọ lórí ọ̀ràn báyìí. Láti 2012 ni ìlànà kan ti wà tó jẹ́ pé bí ọ̀nà IPv6 bá ń falẹ̀, wọ́n á yà sí IPv4 kíá láìwí fún ọ. Fún ẹni tó ń ka ìròyìn, ojú àánú nìyẹn. Fún ẹni tó ń yẹ sáfà wò, ẹ̀tàn ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣe ohun tó tọ́, mo sì fẹ́ yìn ín fún un. Ó wá ẹ̀rọ mìíràn tó ní IPv6, tó wà níbòmíràn pátápátá. Ó lo àṣẹ curl, ó fi -6 sí i kí ó má baà lè yà sí ọ̀nà àtijọ́. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́, sáfà dáhùn. Ó ní 230, ìyẹn ni pé o ti wọlé. Lẹ́yìn náà ló kọ ìlà kan báyìí:

229 Entering Extended Passive Mode (|||40017|)

Ó wá dákẹ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Houston ń sọ láti àárọ̀ gan-an nìyẹn.

Wo ìlà yẹn dáadáa. Gbogbo ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, nọ́ńbà mẹ́fà ni sáfà máa ń kà sílẹ̀ nígbà tí ẹrù bá fẹ́ kọjá: mẹ́rin fún àdírẹ́sì, méjì fún pọ́ọ̀tù. Àdírẹ́sì IPv6 gùn, kò lè gba inú nọ́ńbà mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ìlànà RFC 2428 fi mú àṣẹ tuntun wá ní oṣù kẹsàn-án 1998, tí wọ́n ń pè ní EPSV: sáfà kò ní sọ àdírẹ́sì mọ́, pọ́ọ̀tù nìkan ni yóò sọ, ìwọ yóò sì padà sí àdírẹ́sì tí o ti gbà wọlé. Sáfà ti ń sọ fún un pé, “Wá bá mi ní 40017.” Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù kí ó bi ara rẹ̀: ṣé 40017 ṣí lórí IPv6?

Kò ṣí. Lórí ẹ̀rọ náà, ìwé òfin méjì ni firewall ní. Iptables ń ṣọ́ IPv4, ip6tables ń ṣọ́ IPv6, ohun tí o bá kọ sínú ọ̀kan kò kan èkejì. Nínú ti IPv4, ó ti ṣí pọ́ọ̀tù 21, ó sì ti ṣí 40000 títí dé 40100 fún ẹrù. Nínú ti IPv6, 21 nìkan ló ṣí. Ìlà kan péré ló kù kí ó kọ, kí ẹ̀gbọ́n náà fi ìwé ìyá rẹ̀ ránṣẹ́, kí gbogbo wọn lọ sùn.

Dúró níbí pẹ̀lú mi. Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo torí rẹ̀ mú kálàmù.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, iná kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Màmá ti pè: “Ọmọ mi, ṣé ó ti wọlé? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sin ìyá wọn o.” Ẹ̀gbọ́n Houston wà lórí fóònù kejì, ó ń retí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún mi pé òun rí 40017 yẹn o, ó sì wá sí òun lọ́kàn pé kí òun wò ó bóyá ó ṣí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìrònú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́, ìrònú ni kò sì fẹ́ ṣe mọ́. Ó ní ohun tó jáde lẹ́nu òun lórí fóònù ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kàn ṣí i ná.”

Àṣẹ méjì ló tẹ̀. Àkọ́kọ́ sọ fún ip6tables pé kí ó gba ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀. Èkejì pa gbogbo òfin tó wà níbẹ̀ rẹ́. Kò kọ ẹ̀dà òfin náà síbì kan kí ó tó pa á rẹ́.

Jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Ṣíṣí firewall fún ìṣẹ́jú kan láti mọ̀ bóyá òun ló ń dínà, àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí náà a máa ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ti fi ẹ̀dà òfin pamọ́, wọ́n sì ti kọ àṣẹ sílẹ̀ tí yóò dá a padà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá tilẹ̀ sùn lọ. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni àwọn, ènìyàn a sì máa gbàgbé.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n náà tún gbìyànjú. Èkúté ilé ń họ nǹkan nínú àjà, ó ń retí. Ẹ̀gbọ́n náà ní pásíwọ́ọ̀dù kò gbà mọ́. Ìbànújẹ́ àti àárẹ̀ ń da ọkùnrin náà láàmú, ó ń ṣi lẹ́tà tẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣí fáìlì ètò FTP, ó wá ibi tí wọ́n ti ń sọ bóyá ẹni tí kò ní orúkọ lè wọlé. NO ló wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ di YES. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kó fáìlì wọlé? YES. Ṣé ó lè pa fáìlì rẹ́, ṣé ó lè yí orúkọ rẹ̀ padà? Ibi gbogbo tó ti rí NO níbẹ̀, YES ló fi rọ́pò rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí nǹkan kan tún dá òun dúró lóru yẹn. Ó sì darí gbogbo wọn sínú àpò ńlá tí fáìlì àwọn oníbàárà yòókù wà.

Ìwé náà lọ. Lẹ́ẹ̀kan náà ló lọ. Ẹ̀gbọ́n Houston gbàdúrà fún un títí: ọmọ rẹ̀ kò ní kú, ilé rẹ̀ kò ní jó. Ó ṣe àmín. Ó ní, “Lọ́la ni màá tì í.” Ó pa kọ̀ǹpútà, ó sùn.

Ìwọ tí ò ń kà á, má ṣe sọ pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Bí kò bá mọ̀, kì bá tí sọ pé lọ́la ni òun yóò tì í.

Ìwé ìsìnkú náà jáde, ó dára gan-an. Àwòrán ìyá náà hàn kedere, gèlè rẹ̀ ń dán. Ẹbí kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, Màmá sì fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà lówó. Ohun tó sì mú kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn. Ta ní í padà lọ wo ibi tí wọ́n ti yìn ín? Lọ́la di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù mìíràn. Kò sí oníbàárà tó pè mọ́ pé òun kò lè wọlé. Ohun tó bàjẹ́ ló máa ń pariwo. Ohun tó ṣí sílẹ̀ kì í pariwo.

Ó tún ní ohun kan tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nígbàkígbà tí ọkàn rẹ̀ bá rán an létí. Ó ti gbọ́ pé IPv6 fẹ̀ débi pé àdúgbò kan ṣoṣo nínú rẹ̀ gba àdírẹ́sì ju gbogbo ti IPv4 àgbáyé lọ ní ìlọ́po lọ́nà bílíọ̀nù. Ó ní, “Ta ni yóò rí mi níbẹ̀?” Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó lè kan gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ àdírẹ́sì náà sí abẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ nínú DNS, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Àdírẹ́sì náà sì parí sí 1, bí ti ọ̀pọ̀ sáfà, ibẹ̀ sì ni olè máa ń kọ́kọ́ wò.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń gbàgbé. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ wọn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ sáfà bí 520,000 wò tó ní àdírẹ́sì méjèèjì, àti rawútà bí 25,000. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn tì pa lórí IPv4 ni wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu lórí IPv6. Ìkìlọ̀ nípa títi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀. Ní ti FTP, àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan ka sáfà FTP lórí IPv4 nìkan ní 2015, wọ́n bá nǹkan bí mílíọ̀nù 13.8, ó lé ní mílíọ̀nù kan nínú wọn tó ń gba ẹni tí kò ní orúkọ wọlé. Ní oṣù kẹta 2017, FBI kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú eyín ní Amẹ́ríkà pé àwọn ọ̀daràn ń gba irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wọlé láti jí àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ o.

Òun náà rí ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan, sáfà sọ pé àyè ti kún. Ó wọlé lọ wò ó, ó bá àpò kan tó jẹ́ àmì ìdádúró mẹ́ta péré ni orúkọ rẹ̀. Fíìmù ló kún inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Kí ni o rò pé ó ṣe? Ó pa á rẹ́. Kò béèrè bí ó ṣe débẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti béèrè, nítorí òun ti fura sí ìdáhùn. Bí ìwọ bá bá bàtà àlejò lẹ́nu yàrá rẹ, tí o kàn gbé bàtà náà sọnù tí o padà lọ sùn, kí ni o ń wá?

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ó ṣẹlẹ̀. Gbogbo fáìlì ti lọ. Ẹyọ kan ló kù, ìwé kékeré tí ẹni kan kọ ní Gẹ̀ẹ́sì jágajàga pé kí wọ́n san Bitcoin kí wọ́n tó lè rí ẹrù wọn gbà. Ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́? Ó ń ṣe é lóòótọ́, lálaalẹ́ ni. Orí ẹ̀rọ kan náà ló ń kó o sí, nínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Wọ́n pa òun náà rẹ́. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, lẹ́tà dé láti Jámánì pé ẹ̀sùn ti wọlé nípa fíìmù tí wọ́n jí tó ń jáde láti orí ẹ̀rọ náà, àti pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Màmá kò sanwó náà, ó sì ṣe dáadáa. Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà MongoDB tó wà láìtì ní 2017, àwọn kan sanwó tí wọn kò rí nǹkan kan gbà.

Màmá bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Màmá, àwọn ọmọ Yahoo ló wọlé.”

Màmá wò ó. Ó ní, “Ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?”

Ìgbà yẹn ló tó sọ òótọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ọ̀dà ìtẹ̀wé ti sọ dúdú.

Nínú ohun tó ṣòfò ni ìwé olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn tó fi ránṣẹ́ tán. Kò sí ẹ̀dà mìíràn. Bàbá náà wá sí Ṣómólú fúnra rẹ̀, ó jókòó lórí àga onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, kò bínú, kò sì pariwo. Ó ń béèrè ṣáá pé ṣé wọ́n ti wò ó dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún mi pé òun ì bá yọ̀ ká ní bàbá náà gbá òun létí.

Àwòrán ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtìjú lásán. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti sọ fún Àjọ tó ń bójú tó o, bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó sì lè pa oní-nǹkan lára. Màmá mú fóònù, ó pe àwọn oníbàárà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì. Àwọn kan gbà. Àwọn kan kò padà wá mọ́ títí di òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúrò níbi iṣẹ́ kí oṣù tó parí.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kejì wà tó dojú kọ tirẹ̀, nítorí àwọn kan yóò gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n á lọ ti gbogbo nǹkan pa. Bí o bá dí ọ̀nà àwọn iṣẹ́ kan tí ICMPv6 ń jẹ́ lórí firewall rẹ, wàá dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: orúkọ fáìlì yóò hàn, fáìlì kékeré yóò lọ, èyí tó tóbi yóò há sójú ọ̀nà. Rawútà orí IPv6 kì í gé ẹrù sí wẹ́wẹ́ bí ti IPv4. Ńṣe ló máa ń ránṣẹ́ padà pé ẹrù yìí tóbi jù, ICMPv6 ló sì fi ń rán iṣẹ́ náà. Bí o bá di etí rẹ sí i, o kò ní gbọ́. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ odidi wá irú àìsàn yìí.

Bí ipá rẹ bá ká a, fi FTP sílẹ̀ kí o lọ sórí SFTP. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń lò, pọ́ọ̀tù 22, fún ọ̀rọ̀ àti ẹrù pọ̀, nítorí náà kò sí 40017 tí ìwọ yóò gbàgbé. Gbogbo ohun tó bá kọjá níbẹ̀ ni wọ́n ti dì pa, nígbà tí FTP lásán ń gbé pásíwọ́ọ̀dù rẹ kọjá ní ìhòòhò. Chrome àti Firefox ti yọ FTP kúrò nínú ara wọn láti 2021. Wọn kò ṣe é fún eré.

Ní báyìí, mo bẹ̀ ọ́. Lálẹ́ òní, kí o tó sùn, wọ sáfà rẹ kí o tẹ ip6tables -L, tàbí nft list ruleset bí ó bá jẹ́ irú ìyẹn lo ní. Ka ohun tí o bá rí, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Lẹ́yìn náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn níta, fi curl -6 pè é, kó fáìlì kan tó tóbi lọ, kó o bọ̀, kí o sì gbìyànjú láti wọlé láìní orúkọ. Bí ó bá gbà ọ́ wọlé, má ṣe wí pé ó di ọ̀la. Bí kì í bá sì ṣe ìwọ ló ń tọ́jú sáfà náà, tó jẹ́ pé ìwọ ló ni ilé iṣẹ́, pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kí o ní kí ó fi òfin IPv6 yín hàn ọ́. Bí kò bá rí i fi hàn, má gba fáìlì ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́ títí yóò fi rí i.